Ọlọ́fìnkìn Lórí Kẹ̀kẹ́

 Kò sí ẹni tí ó wá sí ìpàdé wa tí ó kọjá tí kò gbọ́ bí àwọn ènìyàn ti ń fọn ikun káàkiri yàrá, bí ìgbà tí àwọn afọnfèrè bá ń dánra wò.

Ní ìpàdé náà ni ọ̀rọ̀ kan ti bẹ́ sílẹ̀ tí a kò rí yanjú títí akọ̀wé fi lu tábìlì pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀kan nínú wa ni ó tọrọ gáfárà pé òun kò ní lè bá ẹgbẹ́ sáré ní òwúrọ̀ Sátidé, nítorí pé ọ̀fìnkìn ń bá òun jà, àti pé òun yóò tilẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ òun sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí apá kan ìjókòó fi pariwo pé "Ajẹbọ́tà!" Wọ́n ní òógùn ni oògùn ọ̀fìnkìn, pé kí ó gun kẹ̀kẹ́ títí aṣọ rẹ̀ yóò fi rin gbindin, yóò sì rí i pé àìsàn náà yóò bá òógùn lọ. Apá kejì dáhùn pé irọ́ ni, pé ẹni tí imú rẹ̀ bá ti ń ṣomi kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà títí ara rẹ̀ yóò fi dá ṣáṣá. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Níwọ̀n bí ojú ìwé yìí kò ti mọ ariwo í pa, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò níbí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí kọjá àwàdà. Ẹni tí kò bá gbé Sheffield rí lè rò pé fàájì ni kẹ̀kẹ́ gígùn. Orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó sí, bí àwọn baba wa ti tẹ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta dó. Bí ènìyàn bá ń ti Crookes bọ̀ ní òwúrọ̀, kẹ̀kẹ́ a máa sáré fúnra rẹ̀. Bí ó bá di alẹ́ tí ó ń padà lọ, òun àti kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò jọ máa fẹsẹ̀ rìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò ra kẹ̀kẹ́ àlòkù wa nítorí eré ìdárayá. Owó bọ́ọ̀sì ni a sá fún. Kẹ̀kẹ́ yìí ni a fi ń lọ sí yunifásítì, òun ni a fi ń lọ sí ọjà láti ra iṣu, òun náà ni àwọn kan nínú wa fi ń lọ sí iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè pé "Ṣé kí n gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọ̀fìnkìn yìí?", ohun tí ó ń béèrè nínú ọkàn rẹ̀ ni pé "Ṣé kí n pàdánù owó òní?" Ẹni tí a bá pè ní ọ̀lẹ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, a ti fi ọ̀rọ̀ tì í jáde sí ojú títì nìyẹn.

Èrò pé òógùn ń lé àìsàn jáde kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilé ni a ti gbé e wá. Ta ni nínú wa tí ibà kò mú rí ní kékeré? Ìyá yóò se ewé dóńgóyárò pọ̀ mọ́ ewé ọsàn wẹ́wẹ́ àti èèpo igi máńgòrò, yóò gbé ìkòkò síwájú ọmọ, yóò fi kúbùsù bò ó mọ́ ooru náà, ọmọ yóò sì máa ké nínú òkùnkùn. Bí ó bá ṣe díẹ̀, òógùn yóò bò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara yóò ti tutù, ọmọ yóò sì béèrè ẹ̀kọ. Àwa ọmọ kò rí ohun méjì ju pé òógùn dé, ibà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbóná ara bá fẹ́ lọ sílẹ̀ ni ara fúnra rẹ̀ máa ń tú òógùn jáde láti fi tu ara. Òógùn náà dà bí ìlù tí a ń lù nígbà tí àwọn jagunjagun bá ń padà bọ̀ wá sílé. Ìlù náà kọ́ ni ó ja ogun. Ẹ tún jẹ́ kí a rántí ohun kan tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa máa ń gbàgbé: kò sí ìyá kan tí ó fún ọmọ ní àgbo mu tán tí ó wá ní kí ó lọ sáré gun òkè Olúmọ. Orí ẹní ni ó dá a padà sí.

Àwọn tí wọ́n ń pariwo pé kí ọlọ́fìnkìn má jáde rárá náà kò gbé ọ̀rọ̀ wọn ka ibi tí ó dára. Wọ́n ní òtútù ni ó ń fa ọ̀fìnkìn, nítorí náà ẹni tí ó bá jáde sínú òtútù ń fi kún àìsàn rẹ̀. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ni ó ń fa ọ̀fìnkìn, irú wọn sì ju 200 lọ. Láti 1946 títí di 1990, ilé ìwádìí kan wà nítòsí Salisbury ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀fìnkìn lọ. Àwọn ènìyàn a máa yọ̀ǹda ara wọn, wọn a lọ gbé ibẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọn a jẹun ọ̀fẹ́, wọn a sì gba owó díẹ̀ lé e, kí àwọn dókítà lè kán omi tí ó ní kòkòrò ọ̀fìnkìn sí wọn nímú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn. A kò ní purọ́ fún yín, bí ilé náà bá ṣì wà, àwa náà ì bá ti di ẹrù ìwé wa lọ síbẹ̀ ní àkókò ìdánwò. Nígbà kan, Christopher Andrewes àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan wẹ omi gbígbóná, kí wọ́n sì dúró nínú aṣọ ìwẹ̀ tútù ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọjá. Wọ́n gbọ̀n títí, ṣùgbọ́n òtútù náà nìkan kò fún wọn ní ọ̀fìnkìn.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Cardiff mú 180 ènìyàn, wọ́n ní kí ìdajì wọn ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún 20 ìṣẹ́jú. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, 13 nínú 90 tí ó ki ẹsẹ̀ bọ omi sọ pé ọ̀fìnkìn ti mú àwọn, 5 péré ni ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú 90 yòókù. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí òtútù ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò tí ó ti wà nínú imú tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kí ẹni tí ọ̀fìnkìn ti mú tán sé ara rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ìwádìí tí ó bá ìjà wa mu jù lọ ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998 láti Yunifásítì Ball State ní ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà. Wọ́n kó ọ̀fìnkìn ran 50 ọ̀dọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n ní kí 34 nínú wọn máa ṣe eré ìdárayá tí kò le jù fún 40 ìṣẹ́jú ní ọjọ́ kan sí ìkejì, kí 16 yòókù sì jókòó jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀fìnkìn àwọn tí ó ń ṣe eré kò pẹ́ ju ti àwọn yòókù, kò sì yá jù ú. Kò le jù, kò sì fúyẹ́ jù. Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ òógùn, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin ẹlẹ́ní, ẹ gbọ́ pẹ̀lú! Òógùn kò wo ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn jẹ́jẹ́ kò pa ọlọ́fìnkìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn lásán ni wọ́n fi ṣe ìwádìí yẹn, kì í ṣe ibà. Eré tí wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe, eré ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Níbí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn dókítà àwọn eléré ìdárayá ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi ọrùn ṣe ààlà. Bí ohun tí ń ṣe ènìyàn bá wà lókè ọrùn nìkan, bíi kí imú dí, kí ó máa sín, kí ọ̀fun máa rin ín, ó lè jáde, kí ó fi bí ìdajì agbára rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́. Bí ara bá fúyẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó máa lọ, bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo kí ó yí padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ọrùn, bí ikọ́ bá ń ti inú àyà jáde, bí èémí bá ń há, bí inú bá ń ru, bí gbogbo ara bá ń dun ni bí ẹni tí a fi igi lù, kẹ̀kẹ́ di èèwọ̀. Ibà tilẹ̀ kọjá ààlà ọrùn, nítorí pé gbogbo ara ni ó ń mú. Bí ìgbóná ara bá dé ìwọ̀n 38, kí kẹ̀kẹ́ máa sinmi lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni mímọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún tí ó kọjá, ọ̀fìnkìn mú àwa tí a ń kọ̀wé yìí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, a gun kẹ̀kẹ́, kò sí ohun tí ó ṣe wá ju pé ìbọ̀wọ́ wa di aṣọ ìnumú. Ní ọjọ́ kẹta, a jí, ara gbóná, eegun ń ro wá, ṣùgbọ́n a ti gba àyè ní yàrá ìwádìí fún aago mẹ́sàn-án, a sì mọ̀ pé bí a bá pàdánù rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Kò sí owó bọ́ọ̀sì nílé. Ní òótọ́ inú, owó bọ́ọ̀sì wà. Ìtìjú ni ó pọ̀ jù ú lọ, nítorí pé àwa gan-an ni a máa ń fi àwọn tí kò jáde ṣe yẹ̀yẹ́. A gbé parasitámọ́ọ̀lù méjì mì, ara tutù díẹ̀, a sì gun kẹ̀kẹ́. Ní ìdajì òkè, ọkàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ìlù bàtá, ojú ọ̀nà ń yí, a kò sì mọ ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé a jókòó sí etí títì, kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìyá àgbà kan tí ó ń fa ajá rẹ̀ kọjá sì ń béèrè bóyá kí òun pe ọkọ̀ aláìsàn. A ní rárá, pé kò sí ohun tí ó ń ṣe wá. Ìyá náà wò wá títí, ó ní, "Ọmọ mi, o kò mọ bí ojú rẹ ṣe rí." Àìsàn tí ì bá jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún di ti ọ̀sẹ̀ méjì. A pàdánù àyè yàrá ìwádìí náà, a sì tún pàdánù ìkejì.

Ìwé tí a kà lẹ́yìn náà ni ó jẹ́ kí ẹ̀rù bà wá. Nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ń fa irú ibà bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n lè wọ inú ẹran ọkàn kí wọ́n sì mú un wú. Kò wọ́pọ̀, a kò sì fẹ́ dẹ́rù bá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọkàn tí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ tí a sì fi agbára mú un gun òkè lè dẹ́kun lílù lójijì, kódà bí ẹni náà bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le. Parasitámọ́ọ̀lù tí a gbé mì kò sì wo nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn bo ìgbóná náà mọ́lẹ̀ ni, bí ẹni tí ó di ẹnu ajá ọdẹ nígbà tí olè wà lẹ́yìn ilé. Piriton ńkọ́? Òun máa ń fa oorun, ẹni tí oorun ń kùn kò sì yẹ kí ó wà láàárín ọkọ̀ ńlá lójú títì. Ní ti àwọn tí wọ́n máa ń di Ampiclox sínú àpótí láti Nàìjíríà, ẹ gbà wá gbọ́, kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ó kan àwa ọmọ ilẹ̀ wa ju àwọn Òyìnbó tí a jọ ń sáré lọ. Èkíní ni pé kì í ṣe gbogbo ibà ni ọ̀fìnkìn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tàbí ẹni tí ó lọ ṣe Kérésìmesì ní Òṣogbo tí ó sì padà wá, bí ibà bá mú un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, kódà bí ó bá tó oṣù mélòó kan títí di ọdún kan, kí ó má ṣe sọ pé òtútù ìlú Òyìnbó ni. Ibà ẹ̀fọn ni kí ó kọ́kọ́ rò. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ fún wọn pé Nàìjíríà ni òun ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. Ẹni tí ó sì ti pẹ́ níbí, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀lé pé ara òun ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ara máa ń gbàgbé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n wà láàárín wa, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Òtútù, òùngbẹ, làálàá àti àìsàn bí ọ̀fìnkìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí lè ta ìrora wọn jí. Ẹni tí ó bá sì gun kẹ̀kẹ́ nígbà òtútù pẹ̀lú ọ̀fìnkìn ti kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sórí kẹ̀kẹ́ kan. Ààlà ọrùn kọ́ ni tiwọn. Bí ó bá ti ń rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wà nínú ooru, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó ké sí dókítà wọn. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée náà, kí ó ṣọ́ra, nítorí pé ọ̀fìnkìn àti afẹ́fẹ́ tútù jọ máa ń dí i léèémí. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ẹni tí a bá pè ní ajẹbọ́tà lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ?

Ohun kan tún ń bí wa nínú. Kí a tó gba físà ni a ti san owó ìlera; láti oṣù Kejì 2024, £776 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kan. Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí wọn kò tíì lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà kankan. Owó ti lọ, wọ́n sì jókòó pẹ̀lú ibà nínú ilé. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ó bá sì di òru tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ tẹ 111 lórí tẹlifóònù, ẹnìkan yóò dá yín lóhùn.

Nígbà tí ibà bá ti lọ tán, kí ènìyàn má ṣe fò sórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ó ń lé olè. Kí ó kọ́kọ́ rìn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ gun òkè kékeré, kí ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń dáhùn. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́dọ̀ àwọn arúgbó ní láti fi ti ẹlòmíràn kún un, nítorí pé ọ̀fìnkìn tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lára ọmọ ọdún 25 lè gbé ẹni ọgọ́rin ọdún dè. Ẹ pè wọ́n lórí tẹlifóònù kí ẹ tó lọ, kí ẹ sọ ohun tí ń ṣe yín.

Ohun tí a ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe kò pọ̀. A ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀ pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, kí ẹni tí ibà bá mú nígbà òtútù lè rí i gbà lọ́wọ́ akápò láìsí ìbéèrè púpọ̀. Owó ọtí wa ti ọdún tí ó kọjá pọ̀ ju èyí lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn kí ó lọ wo ìwé akápò. A sì ń fẹ́ kí a fi orúkọ nì sílẹ̀, "ajẹbọ́tà" yẹn, ní òwúrọ̀ Sátidé. Ẹni tí ó bá ní òun kò lè sáré, kí a kí i pé ara yóò yá, kí a sì máa bá eré wa lọ.

Ní ti arákùnrin wa tí ohùn rẹ̀ ròkè jù lọ ní ìpàdé, tí ó ní òógùn ni oògùn, a gbọ́ pé láti ọjọ́ Ajé ni ó ti wà lórí ibùsùn. A ti gbé ọbẹ̀ ata lọ fún un, ó sì mu ún tán. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti rán ènìyàn wá béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a kò tíì fún un.